Ẹnu Tí Kì Í Gbé Tíì Mì

Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ìyàwó Ọ̀gá Ahọ́n kú. Òwúrọ̀ ni. Ó jí, ó ní àyà ń fún òun, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó lè wọ bàtà, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Àwọn tó wá kí ọkọ rẹ̀ wá, wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì lọ.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ahọ́n, orúkọ náà sì bá a délé. Atọ́wò ni ní ilé iṣẹ́ tó ń di tíì sínú páálí. Bí àpò tíì bá ti oko dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ kí ẹnikẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Wọn á to ife funfun sórí tábìlì gígùn, wọn á wọn ewé sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á da omi híhó lé e, wọn á dé e, wọn á sì ní sùúrù. Bó bá tó àkókò, Ọ̀gá Ahọ́n á bu ṣíbí kan, á fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya, á yí i káàkiri ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì tu ú sínú garawa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó sọ̀rọ̀. "Òjò pa èyí lọ́nà." "Iná mú èyí níbi tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́." "Ẹ dá tibí yìí padà fún wọn." Bó bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Atọ́wò kì í gbé tíì mì. Ẹni tó bá ń gbé gbogbo ife orí tábìlì mì, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì kó tó di ọ̀sán, kò sì ní mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó dára àti èyí tí kò dára mọ́. Òfin iṣẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: fà á, yí i, tu ú.

Nítorí ahọ́n yìí, ìyàwó rẹ̀ kò fi ata sí oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́. Ìkòkò méjì ló máa ń gbé kaná, ńlá tí kò lata fún ọkọ, kékeré tó ń ta bí iná fún ara rẹ̀, èyí tó máa ń dá jẹ ní kíṣìnì. Kò fi lọ́fínńdà sára. Ọṣẹ tó bá ń ta sánsán kò wọ ilé wọn. "Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ ọkùnrin," ló máa ń wí fún àbúrò rẹ̀, "ahọ́n lèmi fẹ́ ní tèmi." Á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá Ahọ́n kì í rẹ́rìn-ín sí i. Kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí obìnrin náà máa ń sè nírọ̀lẹ́. Ewé gbígbẹ ni, oríṣiríṣi tí ó ti rún pọ̀ sínú agolo bisikíìtì àtijọ́ kan. Ó ń já lára wọn lẹ́yìnkùlé, ó ń ra lára wọn, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá sì ti ìrìn àjò dé, á mú díẹ̀ wá fún un nínú ọ̀rá. Ife méjì ló máa ń bù. Yóò gbé ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ á fà á, á yí i, á rìn dé ibi ọpọ́n tí wọ́n fi ń fọ abọ́, á sì tu ú.

"Ata ilẹ̀ ti pọ̀ jù."

Tàbí: "Tòní sàn díẹ̀."

Tàbí: "Má pe eléyìí ní tíì o. Igi kan ṣoṣo ló ń jẹ́ tíì láyé. Omi ewé lèyí."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni ìyàwó rẹ̀ á wí, á gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, á padà lọ jókòó, á mu tirẹ̀ tán, á sì mu tọkọ lé e. Nígbà tí Ọ̀gá Ahọ́n fẹ̀yìn tì, tí kò sí garawa kankan níwájú rẹ̀ mọ́, kò yí padà. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Páálí tíì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá bá a kẹ́dùn gbé wá. Bóyá wọ́n rò pé ẹni tó fi tíì jẹun á fi tíì ṣọ̀fọ̀. Páálí kún orí tábìlì, ó kún orí fíríìjì, ó dé ilẹ̀. Kò ṣí ìkankan. Nígbà tí ẹsẹ̀ àlejò dá, ilé náà dákẹ́ lọ́nà tí òun kò mọ̀ pé ilé lè gbà dákẹ́. Ó wá ń gbọ́ fíríìjì. Fíríìjì á kùn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá kí i láti ojú pópó ni yóò tó lanu sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì há sí i lọ́fun, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

Ìṣáná ló ń wá ní kíṣìnì lọ́jọ́ kan tó fi rí agolo náà lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Ó ṣí i. Òórùn rẹ̀ jáde lù ú, ó sì dé e padà kíá, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn bá ẹni tó ń wẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún un ṣí, ó wo inú rẹ̀. Kò kún dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ náà yé e lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ ohun tó wà nínú agolo yìí mọ́. Bí ó bá tán láìjẹ́ pé òun rí ìdí rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ mọ́ láé, ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ìyàwó òun ṣe tó ṣì ń ta sánsán ti parí nìyẹn. Bí òun bá sì rí ìdí rẹ̀, yóò máa wà nínú ilé títí òun náà yóò fi lọ. Ohun mìíràn wà tí èèyàn lè ṣe fún òkú, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí ni òun mọ̀.

Ó kọ́kọ́ pe ọmọbìnrin rẹ̀, tó wà ní ìlú òkèèrè pẹ̀lú ọkọ.

"Bàbá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Kí ni màmá rẹ máa ń kó sínú agolo yẹn?"

"Agolo wo?"

"Èyí tó fi ń se omi ewé."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń bi mí? Ẹ̀yin tí ẹ lè fi ẹnu mọ apá ibi tí oòrùn ti ràn sí ewé?"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Mi ò mọ̀ o, Bàbá. Èmi kàn ń mu ún ni. Ewé tíì ti ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀, ìyẹn dá mi lójú. Ẹ jẹ́ n wá lópin oṣù, ká jọ wò ó."

"Má da ara rẹ láàmú," ó wí, ó sì pa fóònù. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wò ó.

Ní ọjọ́ kejì ó gbé òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi dá a lọ́lá nígbà tó fẹ̀yìn tì jáde. Ó to ife sórí tábìlì ìjẹun, ti ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé garawa sẹ́sẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ yọ tíì gidi kúrò lọ́nà, ó sì ṣí lára páálí tí wọ́n fi kí i. Tíì dúdú, tó máa ń di ẹnu mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò lọ. Tíì aláwọ̀ ewé, tó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Èyí tí wọ́n po òdòdó mọ́, tó dà bí ẹni tó wọ aṣọ òde sùn. Ó ń fà, ó ń yí, ó ń tu. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á padà sórí ife ti ìyàwó rẹ̀, á fi wé e. Kò sí ìkankan wọn níbẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ onítíì, kò sì fi ẹyọ tíì kan sínú ohun tó ń mu.

Ó ra ewé. Àwọn tó ń ta ewé gbígbẹ mọ̀ ọ́n kíá gẹ́gẹ́ bí bàbá tó ń gbóòórùn ọjà kó tó béèrè iye. Ó tún tábìlì tò. Ewé tíì, koríko ẹ̀yìnkùlé tí kò bá tíì gidi tan, tó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ata ilẹ̀, tó máa ń ṣe bí ẹni jẹ́jẹ́ kó tó jó. Efinrin, tó ń dé imú kó tó dé ahọ́n. Míǹtì, tó ń tutù nínú omi gbígbóná. Ewé gúáfà, tó ń fún ẹnu pọ̀. Kànáfùrù, tó ń pa ahọ́n bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ eyín. Èèpo ọsàn tí wọ́n sá sóòrùn. Ó ń da méjì pọ̀, ó ń da mẹ́ta pọ̀, ó ń fi wé ti agolo. Míǹtì kò sí níbẹ̀. Gúáfà wà níbẹ̀, díẹ̀ ni. Efinrin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti gbẹ ẹ́, kì í ṣe inú oòrùn. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí ìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yíjú sí kíṣìnì láti sọ ọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni ìsàlẹ̀ agolo ń hàn. Kò sí bí kò ṣe ní bù ú. Atọ́wò kò lè fi ìrántí wé ife, ife ló ń fi wé ife.

Nígbà tó gbà pé òun ti rí i, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá méjì, ti agolo lọ́tọ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ po lọ́tọ̀, ó wọ aṣọ, ó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ọkùnrin tó ń se omi fún yàrá ìtọ́wò, tí gbogbo wọn ń pè ní Gbóná, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀gá Ahọ́n! Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ahọ́n ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, àbí ẹ ti gbé e fún àwọn ọmọ ṣeré?"

"Ó wà níbẹ̀. Ṣé omi rẹ ń hó?"

"Omi mi ò tíì sinmi látìgbà tí ẹ ti lọ." Ó rántí. Ó ṣí fìlà. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọ̀gá. Ó dùn wá gan-an."

"A dúpẹ́."

Obìnrin tó gba ipò rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, dìde lórí àga nígbà tó wọlé. Ọ̀gá Ahọ́n kò jẹ́ kó pẹ́ lórí ìkíni. Ó gbé ọ̀rá méjèèjì sílẹ̀, kò sọ èyí tó jẹ́ èwo, ó ní kó pín wọn káàkiri ife bó bá ṣe wù ú, kó má sọ fún òun. Ọ̀gá Ahọ́n kọjú sí ògiri nígbà tí obìnrin náà ń ṣe é. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì lọ ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń fà, wọ́n ń yí, wọ́n ń tu, kò sí ohùn kankan nínú yàrá bí kò ṣe ti ẹnu wọn.

Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìkan náà ni, ọ̀gá. Bí wọ́n bá gbé e fún mi nínú àpò méjì, màá ní oko kan náà ni wọ́n ti wá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Ìkan náà ni," Ọ̀gá Ahọ́n wí.

"Iṣẹ́ gidi lẹ ṣe o. Ta ló po ti àkọ́kọ́?"

"Ìyàwó mi."

Obìnrin náà wo garawa tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì fi ẹsẹ̀ rọra tì í sábẹ́ tábìlì.

Ọ̀gá Ahọ́n padà sílé pẹ̀lú ara yíyá. Ó ra ewé tó pọ̀, ó rún wọn, ó kó wọn sínú ìgò. Nírọ̀lẹ́ ó se ife kan, ó fà á, ó yí i, ó tu ú. Ó dára. Kò sí àṣìṣe kan lára rẹ̀. Ó dúró níbi ọpọ́n, ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ, ilé sì dákẹ́ bó ṣe wà. Ó ní bóyá ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí inú òun dùn. Ó ní á fúyẹ́ lára òun tó bá yá.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá kó aṣọ. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti rù o! Ṣé ẹ̀ ń jẹun ni, àbí ẹ̀ ń tọ́ oúnjẹ wò?"

"Jókòó. Màá fún ọ ní nǹkan."

Ó lọ sí kíṣìnì, ó gbé ife kan wá. Obìnrin náà la ojú. "Ẹ̀yin lẹ sè é? Pẹ̀lú ọwọ́ yín? Ẹ̀gbọ́n mi ì bá wà níbí!" Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó mọ̀. Ó wolẹ̀. Ó gbé ife náà, ó mu ún, ó gbé e mì, ó sì dúró. Ó ṣe bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó tún mu díẹ̀, ó tún dúró.

"Ńkọ́?" Ọ̀gá Ahọ́n wí.

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá. Ó dáa gan-an."

"Tí mo bá fẹ́ irọ́, màá lọ bá àwọn tó ń tà á."

"Ẹ má bínú sí mi. Ti ẹ̀gbọ́n mi kọ́ lèyí."

"Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ẹni méjì tó mọṣẹ́ ló tọ́ ọ wò."

"Mo gbọ́. Adùn rẹ̀ ni, òórùn rẹ̀ ni." Ó fi ìka kan ọ̀fun ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò padà wá."

"Kí ni kò padà wá?"

"Èyí tó ń padà wá. Bí ẹ bá ti gbé e mì tán, tí ẹ dúró díẹ̀, tí ẹ rò pé ó ti lọ, nǹkan kan á dìde láti ọ̀nà ọ̀fun, á dùn wẹ́rẹ́, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń dì mí lápá mú ni, á ní, 'Má sọ̀rọ̀, ó ń bọ̀.'" Ó wo ojú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ò gbé e mì rí?"

Ọ̀gá Ahọ́n yíjú sí ọ̀nà kíṣìnì.

"Gbogbo ọdún yẹn?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́ ọ wò."

"Mo mọ̀," obìnrin náà wí. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Kí ló ń fi sí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo bi í rí. Ó ní kí n fẹnu mi mu tèmi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mi ò ní sọ fún yín?"

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi pé nǹkan kan ń padà wá?"

Aránṣọ náà ń ká aṣọ kan, ó ká a tán, ó tú u, ó tún un ká. "Ó ní òun ń retí kí ẹ rí i fúnra yín."

Ọ̀gá Ahọ́n dìde, ó lọ gbé agolo wá, ó sì yí i sí i kó rí inú rẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju ife kan lọ. Gbogbo èyí tó ti tán bá garawa lọ, ti ilé àti ti ibi iṣẹ́.

"Ṣé o máa bá mi mu ún?"

"Kò tó ẹni méjì, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ti mu tèmi nígbà tó wà láyé." Ó di aṣọ náà, ó kí i pé ó dìgbà, ó sì fi ohùn kékeré sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kó jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó tó gbé e mì, kó má bó ara rẹ̀ lọ́fun.

Ó se omi. Ó fi ọwọ́ gbá ìdí agolo títí eruku ewé tó gbẹ̀yìn fi bọ́. Kò wọ̀n ọ́n. Nígbà tó tó, ó bu ẹnu kan, ẹnu náà sì fà á pẹ̀lú ariwo bó ṣe mọ̀, ó yí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gbé e lọ síbi ọpọ́n kó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ó dúró níwájú ọpọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Ata ilẹ̀. Ewé tíì. Gúáfà, efinrin, èèpo ọsàn, kànáfùrù. Gbogbo wọn pé. Ó ti ẹnu pọ̀, ó gbìyànjú láti gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ó tún gbìyànjú. Ó lọ. Ó wúkọ́, ó di etí ọpọ́n mú, bí ọmọ tí wọ́n fún lóògùn.

Kò sí nǹkan kan. Ó dúró. Fíríìjì kùn, ó dákẹ́.

Ó wá dé. Kò ti ahọ́n wá. Ó gòkè láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó móoru, ó dùn, kì í ṣe dídùn ṣúgà, kì í ṣe ti oyin, ó gòkè títí ó fi dé ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ní ilé. Ọ̀gá Ahọ́n kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn gbogbo tíì tó ti kọjá lẹ́nu rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n.

Ahọ́n rẹ̀ dìde sí i lójú ẹsẹ̀ bí ọlọ́pàá, ó fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Ewé ni àbí gbòǹgbò? Wọ́n sá a ni àbí wọ́n yan án? Ohun tó kù nínú ife tó fún iṣẹ́ yìí. Bí òun bá bù ú díẹ̀díẹ̀, tí òun gbé e dé ọ̀nà ọ̀fun, tí òun dá a dúró níbẹ̀, tí òun sì tu ú, tí òun ṣí gbogbo ìgò tó wà nílé tì í, tí òun tún bù ú, òun á mú un. Òun mọ ara òun. Òun á mú orúkọ rẹ̀ kí ife tó gbẹ, irú rẹ̀ á sì máa wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n inú ọpọ́n ni ife náà máa lọ.

Ó gbé ife náà kúrò níbẹ̀. Ó jókòó. Ó mu ún bí àwọn èèyàn ṣe ń mu nǹkan, láìpariwo, ó ń gbé e mì, ó ń dúró, dídùn náà ń padà wá bá a, òun náà sì tún ń mu ún. Kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó kan ìsàlẹ̀, tó jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó mu ìyẹn náà. Ó jókòó títí dídùn náà fi lọ lọ́fun rẹ̀ pátápátá.

Ohun tí ìyàwó Ọ̀gá Ahọ́n fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ ti kó tirẹ̀: kóòtù òjò kan tí bọ́tìnnì òkè rẹ̀ kò bá ìyókù mu. Awò ojú, tí wọ́n fi òwú so apá òsì rẹ̀. Ìyarun méjì. Bàtà ilé tó ti gba ìrísí ẹsẹ̀ rẹ̀. Rédíò kékeré tí kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ìgò òróró ìpara tó kù díẹ̀. Agbòòrùn. Fọ́tò ọmọ rẹ̀ nígbà tí kò tíì ní eyín iwájú. Kọ́kọ́rọ́ kan tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan nínú ilé. Abẹ́rẹ́ kan, òwú funfun ṣì wà lójú rẹ̀, tó gún mọ́ kọ́tìnnì yàrá.